Ẹsẹ̀ Srun Lórí Phoan

Ẹni tí kò bá tíì rí arúgbó tó ń bínú nítorí òkú rẹ̀, kó má sọ pé òun ti rí ìbínú. Ìbínú tí èèyàn ń bí nítorí ara rẹ̀ ní òpin: a bẹ̀ ẹ́, a fún un ní omi tútù, ó rọ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń bínú nítorí òkú, ta ni ká bẹ̀? Ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ kò sí níbẹ̀ tí yóò gbẹ̀bẹ̀.

Ọjọ́ kẹrìnlá Pchum Ben ni, ọjọ́ kan ṣoṣo ló kù kí ọdún àwọn òkú parí, nígbà tí Yeay Thavy wọ inú ṣọ́ọ̀bù wa ní ìlú Battambang, tí oòrùn wà ní àtàrí. Èmi àti Vichea nìkan la wà níbẹ̀. Iṣẹ́ wa ni ká máa ṣe ojú-ewé orí íńtánẹ́ẹ̀tì fún àwọn èèyàn: onílé ìtura, olùkọ́, ẹni tó ń ta ọsàn. Vichea ló ń ya bí yóò ṣe rí, òun náà ló ń kọ CSS rẹ̀, ìyẹn ìwé àṣẹ tó ń sọ fún ojú-ewé bí lẹ́tà yóò ṣe tóbi tó àti àyè tí yóò wà láàárín ìlà kan àti èkejì. Èmi Nimol ni mò ń tẹ ọ̀rọ̀ sínú rẹ̀. Èmi náà ni mo sì ń gba èébú bí iṣẹ́ bá bàjẹ́, nítorí tábìlì tèmi ló súnmọ́ ẹnu ọ̀nà.

Yeay Thavy kò jókòó. Yeay là ń pe ìyá àgbà. Abúlé kan náà ni wá, lẹ́yìn odò Sangker níbẹ̀ yẹn, wọ́n sì ti mọ ìyá mi kí n tó dáyé. Wọ́n gbé apẹ̀rẹ̀ wọn kalẹ̀, wọ́n tú gèlè kúrò lórí wọn tí wọ́n fá kodoro, wọ́n fi nu òógùn ọrùn wọn. Wọ́n ṣe é pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bí ẹni tó ń pọ́n àdá.

"Nimol, ìwọ lo ṣe ìwé orúkọ tẹ́ḿpìlì?"

"Èmi àti Vichea ni, Yeay. Ẹ jókòó, ẹ mu omi."

"Omi kọ́ ló gbé mi wá. Ọkọ mi dà?"

Ó ti pé ọdún mẹ́sàn-án tí a ti sun òkú ọkọ wọn, Ros Phoan. Mo wo Vichea. Vichea wo kọ̀ǹpútà rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe jẹ́. Láàárín ọjọ́ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ọdún yìí, àdúgbò kọ̀ọ̀kan ló ní ọjọ́ tirẹ̀ láti gbé oúnjẹ lọ fún àwọn mọ́ńkì, ìyẹn àwọn àlùfáà tẹ́ḿpìlì wa. Achar Hoeun, baba tó ń ṣáájú wa nínú gbogbo ètò tẹ́ḿpìlì, yóò wá ka orúkọ òkú àdúgbò náà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n lè wá jẹ. Òkú tí wọn kò bá pe orúkọ rẹ̀, ẹnu ọ̀nà ni yóò dúró sí bí àlejò tí onílé kò rí. Yóò kúrò níbẹ̀ lọ sí tẹ́ḿpìlì mìíràn, títí dé méje. Bí kò bá rí jẹ ní méjèèje, ilé ni yóò padà sí láti wá ṣépè fún àwọn ọmọ rẹ̀. Ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún ni wọ́n ń ka ti gbogbo àdúgbò pọ̀, lẹ́yìn náà ìlẹ̀kùn àwọn òkú á ti, ó di ọdún mìíràn.

Láyé àtijọ́, inú ìwé ńlá kan ni orúkọ wọ̀nyí wà. Ikán jẹ ìwé náà lọ́dún tó kọjá, ó bẹ̀rẹ̀ láti orí èèyàn wa tó kú pẹ́ jù. Ni ìgbìmọ̀ bá ní ká ṣe é sórí íńtánẹ́ẹ̀tì, kí Achar máa kà á lójú tábílẹ́ẹ̀tì, nítorí ikán kì í jẹ gíláàsì. Òótọ́ ni, kì í jẹ ẹ́. Àwa la rí nǹkan mìíràn tó ń jẹ orúkọ.

"Ní ọjọ́ kejìlá, ọjọ́ tiwa," Yeay Thavy ní, "mo gbé ìrẹsì, mo gbé ẹja, mo gbé num ansom, àkàrà ìrẹsì tí mo fi ọwọ́ ara mi dì sínú ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀. Achar ń kà, mò ń gbọ́. Ó ka Keo Srun. Mo ní ó kàn wá nìyẹn, mo ṣí abọ́. Ó ka Sok Yan! Ó fo ọkọ mi bí ẹni fo kòtò omi!"

Vichea yí ojú kọ̀ǹpútà rẹ̀ sí wọn. "Yeay, orúkọ wọn rèé. Ẹ wò ó, kedere. Ó dáa lọ́dọ̀ mi."

"Ó dáa lọ́dọ̀ ẹ! Ṣé ọ̀dọ̀ ẹ ni ọkọ mi ti ń jẹun?"

Bí a bá lè sun gbólóhùn bí a ṣe ń sun òkú, "ó dáa lọ́dọ̀ mi" yẹn ni ǹ bá kọ́kọ́ gbé síná. Ọdún mẹ́ta tí mo ti ń bá Vichea ṣiṣẹ́, kò sí ọ̀sẹ̀ tí n kò gbọ́ ọ. Ọmọ dáadáa ni o, kò jalè, kò ṣe ìmẹ́lẹ́. Ṣùgbọ́n ilé ẹ̀kọ́ kan ní Phnom Penh ló ti kọ́ṣẹ́, lẹ́tà àwọn òyìnbó ni wọ́n sì fi kọ́ ọ. Lẹ́tà òyìnbó ń tò tẹ̀lé ara wọn bíi pẹ́pẹ́yẹ, èyí kò gun èyí. Lẹ́tà Khmer tiwa dé fìlà, ó sì ní ẹsẹ̀. Lẹ́tà kan á so mọ́ abẹ́ èkejì, ẹsẹ̀ là ń pe ìyẹn. Nígbà mìíràn fáwẹ̀lì á tún so mọ́ abẹ́ ẹsẹ̀. Ẹni tí kò bá fi àyè sílẹ̀ fún un, ó ń wá wàhálà.

Oṣù mẹ́ta sẹ́yìn ni Achar Hoeun ti wá sọ pé lẹ́tà kéré jù fún ojú àwọn. Vichea ti fi píksẹ́lì, ẹyọ àmì kékeré tí a fi ń wọn nǹkan lójú kọ̀ǹpútà, kan ìwọ̀n lẹ́tà mọ́lẹ̀ bí ẹni kan ìṣó, tó fi jẹ́ pé bí baba náà ṣe ń sọ fún tábílẹ́ẹ̀tì pé kó mú lẹ́tà tóbi tó, lẹ́tà kò gbọ́. Baba wá, wọ́n lọ, wọ́n tún wá. Ní ẹ̀ẹ̀kẹta ni Vichea tó tú ìṣó, tí lẹ́tà wá ń tóbi bí òǹkàwé bá ṣe fẹ́. Mo bi í nígbà yẹn pé, "Gíga ìlà ńkọ́?" Ó ní, "Ọgbọ̀n píksẹ́lì ni mo yà á sí, ọgbọ̀n píksẹ́lì ni yóò jẹ́. Ẹ̀gbọ́n Nimol, ẹ má ba iṣẹ́ ọnà jẹ́." Èmi náà dákẹ́. Ẹ̀bi tèmi nìyẹn. Aṣọ tí a gé fún ọmọ ọdún méje, bí ọmọ bá di géńdé tí a ní àfi kó wọ̀ ọ́, ṣé aṣọ ló máa ya ni àbí ọmọ?

"Gbé kọ̀ǹpútà ẹ," mo sọ fún un. "Tẹ́ḿpìlì yá."

"Ẹ̀gbọ́n, mo lè ṣe é láti ibí."

"Láti ibí lo ti ń ṣe é láti ọjọ́ yìí. Dìde."

Mo gbé Yeay Thavy sẹ́yìn ọ̀kadà mi, Vichea gun tirẹ̀. Títí tí a fi dé, wọn ò fọhùn, àfi bí a bá bọ́ sí kòtò, tí wọ́n á ní, "Phoan, má bínú."

A bá Achar Hoeun nínú gbọ̀ngàn, wọ́n ń ka àwo. Àgbàlagbà tó tẹ́ẹ́rẹ́ ni wọ́n, aṣọ funfun, ohùn tó tóbi ju ara lọ. Bí wọ́n ṣe rí Yeay Thavy, wọ́n gbójú sókè wo òrùlé.

"Thavy, mo ti sọ fún ẹ. Ohun tí mo rí ni mo kà."

"Ojú wo lo fi rí i?"

"Ojú méjèèjì tí ogbó ṣì fi sílẹ̀ fún mi!"

Wọ́n mú tábílẹ́ẹ̀tì jáde, wọ́n ṣí i, wọ́n fi hàn wá. Mo wò ó. Lẹ́tà ti tóbi bí ojú baba ṣe fẹ́, ṣùgbọ́n ìlà kò kúrò níbi tí Vichea kàn án mọ́. Orúkọ gun orúkọ. Ṣe ni gbogbo ojú-ewé dà bí ìgbà tí wọ́n da ẹja kékeré jọ sínú agbọ̀n. Keo Srun hàn dáadáa, òun ló wà lókè. Ẹsẹ̀ àti fáwẹ̀lì tó so mọ́ abẹ́ orúkọ Srun yẹn gùn wálẹ̀, ó sì tẹ Ros Phoan mọ́lẹ̀ ní àtàrí gan-an. Fìlà Phoan kò sí, orí kò sí. Ẹni tí kò bá mọ̀ pé èèyàn wà níbẹ̀, kò lè rí i.

Yeay Thavy kò mọ̀wé. Ìlà méjì péré ni wọ́n mọ̀ láyé, orúkọ tiwọn àti ti ọkọ wọn. Wọ́n súnmọ́ ọn, wọ́n fi ìka tọ ọ́ títí wọ́n fi rí ìrù orúkọ náà lábẹ́ ẹsẹ̀ orúkọ tó gùn ún. Mo rí i bí ojú wọn ṣe yí padà.

"Ta ló wà lórí ẹ̀?"

Mo fa tábílẹ́ẹ̀tì sọ́dọ̀ mi. Nílẹ̀ wa, orí ni ibi ọ̀wọ̀ jù lára, a kì í fọwọ́ kan orí ọmọdé ṣeré, ká má tiẹ̀ wá sọ ẹsẹ̀.

"Nimol, mo ní ta ló wà lórí ẹ̀?"

"Keo Srun ni, Yeay."

"Srun!" Igbe náà lé ẹyẹlé kúrò lórí òrùlé. "Srun tó gbé ààlà oko wa láti ibi igi màngòrò wọ inú ìrẹsì wa! Ogún ọdún ni ọkọ mi fi bá a fa ọ̀rọ̀ yẹn, Phoan kú kò parí. Ó gba ilẹ̀ lábẹ́ ẹsẹ̀ ẹ̀ láyé, ó tún wá tẹ̀ ẹ́ lórí lọ́run! Ta ló fàyè gbà á?"

Achar Hoeun nawọ́ sí mi. Mo nawọ́ sí Vichea. Vichea wẹ̀yìn, ògiri ló wà níbẹ̀.

"Baba Achar," mo bẹ̀rẹ̀, "ṣé ẹ ò kàn ní fi ẹnu pe orúkọ wọn lọ́la? Mo lè kọ ọ́ sínú bébà kékeré kan..."

"Rárá o. Bí mo bá fi bébà ka ti Thavy, kí ilẹ̀ tó mọ́ gbogbo abúlé á ti mú bébà dé. Ti ta ni màá kà, ti ta ni màá fi sílẹ̀? Inú ìwé kan ṣoṣo ni òkú wa wà. Ẹ tún ìwé ṣe." Wọ́n fi ìka fa ojú-ewé náà sókè díẹ̀. "Àbí ẹ rò pé Phoan nìkan ló há síbẹ̀?"

A jọ wò ó. Ní àdúgbò tiwa nìkan, mo ka èèyàn mẹ́tàdínlógún tí wọ́n ti tẹ̀ pa lẹ́ẹ̀kejì.

Vichea jókòó sórí ẹní, ó ṣí kọ̀ǹpútà, ó bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ ẹ́. Kò pẹ́ tó fi ní, "Ó ti tán. Mo ti yọ píksẹ́lì. Mo ti ní kí gíga ìlà fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ìlọ́po méjì lẹ́tà. Mo fi em, ìwọ̀n tó ń tẹ̀lé títóbi lẹ́tà, wọ̀n ọ́n." Ó wò mí bí ẹni tó ń dúró de ìyìn.

Achar ṣí i lákọ̀tun. Ọ̀rọ̀ ìkíni tó wà lókè ojú-ewé ti mí, ó fẹ̀ dáadáa. Bí wọ́n ṣe dé ibi orúkọ, ẹsẹ̀ Srun ṣì wà níbi tó wà.

"Kò kúrò," Yeay Thavy ní.

"Ó kúrò lọ́dọ̀..."

"Sọ ọ́!" mo ní. "Sọ ọ́ kó o rí ohun tí màá fi ṣe ẹ́ nínú tẹ́ḿpìlì yìí."

Ó gbé e mì.

Mo mọ ohun tó ṣe é, nítorí ó ti ṣe mí rí. Em yẹn, àrékérekè ni. Orí gbogbo ojú-ewé ni Vichea kọ àṣẹ náà sí, bíi bàbá ilé. Lẹ́tà bàbá kéré. Bàbá fi lẹ́tà kékeré tirẹ̀ ṣírò gíga ìlà, ó rí iye kan, iye yẹn ló sì gbé fún àwọn ọmọ pé kí wọ́n jogún. Ṣùgbọ́n lẹ́tà orúkọ òkú tóbi tó ìlọ́po méjì ti bàbá. Bàbá wọn aṣọ sí ara rẹ̀, ó rán an tán, ó wá ní kí ọmọ tó ga jù ú lọ wọ̀ ọ́.

"Yọ em yẹn kúrò," mo ní. "Nọ́mbà ni kó o kọ, má fi nǹkan kan sí i nídìí. Nígbà yẹn ni ọmọ kọ̀ọ̀kan á máa fi ara rẹ̀ wọn aṣọ ara rẹ̀."

"Nọ́mbà tí kò ní ìwọ̀n nídìí? Ẹ̀gbọ́n, bí ìgbà tí èèyàn wọ ọjà tó ní kí wọ́n wọn ìrẹsì 'méjì' fóun nìyẹn. Méjì kí ni? Àpò ni àbí agolo?"

"Méjì ohun tí wọ́n bá bá lọ́wọ́ ẹ̀! Ṣe é!"

"Wọn ò kọ́ wa bẹ́ẹ̀."

"Èmi ń kọ́ ẹ báyìí."

"Ó dáa, ó dáa. Bóyá mẹ́ta ló máa tẹ́ yín lọ́rùn." Ó fi ìbínú tẹ mẹ́ta, láìsí nǹkan kan nídìí rẹ̀, ó ti kọ̀ǹpútà sápá kan, ó ká apá.

Achar ṣí i. Srun gbéra lórí Phoan, ó lọ jìnnà réré. Yeay Thavy mí kanlẹ̀. Èmi náà fẹ́ mí, àfi bí Achar ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í kà fún ìdánwò. Wọ́n ka orúkọ mẹ́ta, wọ́n fa ojú-ewé sókè. Wọ́n tún ka mẹ́ta, wọ́n tún fà á. Ìka baba náà kò yá, ó máa ń gbọ̀n. Nígbà mìíràn á fà á kọjá, á tún fà á padà, á máa wá ibi tó dé. Wọ́n ṣe é títí, wọ́n wá gbé tábílẹ́ẹ̀tì kalẹ̀.

"Ẹgbẹ̀ta orúkọ ó lé. Ní mẹ́ta-mẹ́ta. Ẹ̀yin ọmọ yìí, aago mélòó ni àwọn mọ́ńkì ń pa ẹnu dé?"

Kò sẹ́ni tí kò mọ̀ ọ́n. Bí oòrùn bá ti kan àtàrí, mọ́ńkì kò gbọdọ̀ fi oúnjẹ kan ẹnu mọ́ títí di ọjọ́ kejì, bí mọ́ńkì kò bá sì jẹ ẹ́, òkú kò jẹ ẹ́.

"Kí n tó dé àdúgbò tiyín, ọ̀sán á ti pọ́n."

Yeay Thavy fọwọ́ lé ìbàdí. "Ẹ kọ́kọ́ jẹ́ kí wọ́n tẹ̀ ẹ́ lórí. Báyìí ẹ ti là á ní ọ̀nà tó fẹ̀ tí oúnjẹ ò ní bá a níbẹ̀! Irú èèyàn wo lẹ jẹ́? Ṣé ẹ ò lè ṣe nǹkan níwọ̀nba ni?"

Níbẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti sú mi pátápátá. Mo gba kọ̀ǹpútà lọ́wọ́ Vichea. Mo sọ fún Achar pé kí wọ́n gbé tábílẹ́ẹ̀tì síbi tí wọn ó gbé e sí lọ́la, kí Yeay Thavy dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn kí wọ́n sì máa sọ ohun tí wọ́n rí fún mi. Mo kọ ọ̀kan àbọ̀.

"Ó ṣì tẹ̀ ẹ́. Fìlà Phoan ti fọ́."

Mo fi díẹ̀ kún un.

"Àtàǹpàkò ẹsẹ̀ ẹ̀ ṣì kàn án."

"Yeay, ṣé ó kàn án ni àbí ó fẹ́ kàn án?"

"Ìwọ Nimol, bí Srun bá gbé àtàǹpàkò sí ọ lágbárí, wàá máa bi mí bẹ́ẹ̀?"

Vichea bú sẹ́rìn-ín. Ó kọ́kọ́ fọwọ́ bo ẹnu, ṣùgbọ́n kò dúró. Achar náà bẹ̀rẹ̀, wọ́n ń mì tìtì pẹ̀lú tábílẹ́ẹ̀tì lọ́wọ́, Yeay Thavy sì ń pariwo mọ́ wọn pé kí wọ́n má mì í, Srun tún ń sọ̀ kalẹ̀. Èmi kò rẹ́rìn-ín. Mo kọ ọ̀kan àti mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá.

Yeay Thavy wò ó. Wọ́n tẹ̀ síwájú, wọ́n tẹ̀ sẹ́yìn. Wọ́n fi èékánná wọn há àárín orúkọ méjèèjì bí ẹni tó ń wo bóyá ọ̀nà wà láàárín ilé méjì.

"Ó ti kúrò," wọ́n ní. "Jẹ́ kó máa gbé ibẹ̀."

Achar náà kà á wò: orúkọ mẹ́fà ló hàn lẹ́ẹ̀kan. Wọ́n fi ìka ṣírò, wọ́n ní ó ṣeé ṣe, bí ikọ́ kò bá mú àwọn.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, gbọ̀ngàn kún. Gbogbo àdúgbò ló gbé oúnjẹ dé, ẹsẹ̀ kò gbèrò. Mo jókòó sẹ́yìn Yeay Thavy, Vichea wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó wọ ṣẹ́ẹ̀tì funfun tí ìyá rẹ̀ lọ̀ fún un. Achar bẹ̀rẹ̀ sí í kà. Àdúgbò kìíní, ìkejì. Mò ń wo aago ara ògiri, mò ń wo ìka baba. Ẹ̀ẹ̀kan ló fa ojú-ewé kọjá, tó ń wá ọ̀nà padà. Ó rí i. Ìkẹta, ìkẹrin. Nígbà tí wọ́n máa fi dé tiwa, ó ku ìdajì wákàtí kí ọ̀sán pọ́n, àwọn mọ́ńkì sì ti ń wo abọ́.

"Keo Srun," Achar kà.

Yeay Thavy mú etí abọ́ wọn méjèèjì dání.

Baba náà nu ojú. Wọ́n gbé tábílẹ́ẹ̀tì súnmọ́ ojú. Mo gbọ́ tí Vichea ń ka nǹkan kan ní kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ sínú, bóyá àdúrà ni, bóyá nọ́mbà ni. Mo ti ń wá bí mo ṣe máa dìde, tí n ó fi pariwo orúkọ náà fúnra mi níwájú gbogbo ayé, kí wọ́n tó lé mi jáde.

"Ros Phoan," Achar kà, wọ́n sì gbé ohùn náà sókè díẹ̀ ju ti àwọn tó kù lọ. "Sok Yan."

Yeay Thavy ṣí abọ́. Wọ́n to ìrẹsì, wọ́n to ẹja, wọ́n bó ewé ara num ansom kan, wọ́n gé e sí wẹ́wẹ́, bí ẹni tó ń gé e fún ẹni tí eyín rẹ̀ ti ń ká. Wọ́n nà án síwájú àwọn mọ́ńkì, wọ́n kúnlẹ̀, iwájú orí wọn kan ilẹ̀. Ó pẹ́ kí wọ́n tó gbórí sókè.

Vichea nà síwájú. "Yeay," ó rọra sọ, "ṣé inú yín ti rọ̀ sí wa báyìí?"

Wọn kò yíjú padà.

"Dákẹ́ jàre," wọ́n ní. "Ó ń jẹun."